Fìlà Ọ̀gá Ohun Tó Sọnù

Ojú tí Ọlọ́run fún Ọ̀gá Fìlà kò ní ẹ̀rín nínú. Kì í ṣe pé inú ọkùnrin náà kì í dùn o. Inú rẹ̀ a máa dùn bíi ti gbogbo èèyàn, ìròyìn rẹ̀ ni kì í dé ojú. Ní kékeré, bí wọ́n bá ra bàtà tuntun fún un, á wò ó bí ẹni tí wọ́n fún ní ìwé ẹ̀sùn. Àǹtí rẹ̀ kan sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé, "Ọmọ yìí, ṣé wọn ò gbàgbé nǹkan kan nígbà tí wọ́n ń dá a ni?" Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ayàwòrán bẹ̀ ẹ́ títí: "Ọ̀gá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré." Ó ní, "Mo ti ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀." Òótọ́ ló sì ń sọ.

Ó ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ti rá. Ọ̀gá Fìlà ni gbogbo ayé mọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ti kọ ọ́ sórí káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí: Ọ̀gá Fìlà, ọkùnrin, ọdún méjìlélọ́gọ́ta.

Ohun kejì tí Ọlọ́run kò fún un ni orí tó ń gba ọ̀rọ̀ dúró. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n fún un ní ewì onílà mẹ́jọ kó kọ́ ọ sórí fún ọjọ́ ìparí ọdún nílé ìwé. Ó jáde síwájú àwọn òbí, ó sọ ìlà kìíní, ó dúró. Ìlà kejì kò wá. Kò sunkún, kò sá, kò họrí. Ó kàn ń wò wọ́n bí ẹni pé ọwọ́ wọn ni ìyókù wà. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi dàrú, hẹdimásítà pàápàá rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. Ìyà ló retí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé bí èèyàn bá lè dákẹ́ dáadáa, àwọn yòókù á bá a ṣe iṣẹ́ náà parí.

Nígbà tó dàgbà, iṣẹ́ títẹ̀wé ló rí ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni yàrá rẹ̀ wà, òun àti taipúráítà kan tó ti dàgbà jù ú lọ. Eré tí àwọn ẹlòmíì bá kọ ló ń tẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn èèyàn náà, àfi bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀. Bó bá kan ibi tí kò lè kà, kì í lọ béèrè, torí wọ́n á bú u. Á fi ọ̀rọ̀ tara rẹ̀ dí ihò náà, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ó gba ọ̀gá àgbà ní odidi ọdún méjì kó tó ṣàkíyèsí pé ibi tí àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín gan-an ni ibi tí òǹkọ̀wé kò kọ. Ó ránṣẹ́ pè é.

"Ìwọ lo ń ba eré wa jẹ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Láti ọ̀la lọ, bà á jẹ́ látòkè délẹ̀."

Bó ṣe di òǹkọ̀wé nìyẹn. Eré àkọ́kọ́ tó dá kọ ni Ọ́fíìsì Ohun Tó Sọnù. Kò sí nǹkan ńlá níbẹ̀: káńtà kan, àga mẹ́ta, pẹpẹ tí wọ́n to agboòrùn àti bàtà ẹsẹ̀ kan sí, àti ọ̀gá akọ̀wé kan tó gbà pé ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù ló jẹ̀bi. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan á wá béèrè ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀gá akọ̀wé á sì fi òfin hàn án léèmọ̀ títí onítọ̀hún á fi tọrọ àforíjì pé òun tiẹ̀ ní nǹkan rí.

Òṣèré gidi ni wọ́n mú láti ṣe ọ̀gá akọ̀wé náà, ọkùnrin gíga, olóhùn. Nígbà yẹn, wọn kì í gba eré sílẹ̀. Bó o bá ti ń ṣe é báyìí ni gbogbo ìlú ń wò ó. Ó ku ìdajì wákàtí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni òsúkè mú òṣèré gidi. Wọ́n fún un lómi. Wọ́n gbá a lẹ́yìn. Wọ́n dẹ́rù bà á. Òsúkè ní òun ò lọ. Ọ̀gá àgbà wo yàrá yíká, ó nawọ́ sí òǹkọ̀wé. "Ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Lọ wọṣọ."

Ẹ gbà mí o! Ẹni tó kọ ọ́ kò rántí ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó bá ara rẹ̀ ní yàrá aṣọ, ó ń làágùn. Ọmọbìnrin kan ló ń ránṣọ níbẹ̀, tí kò bá a sọ ju "Ẹ dúró tààrà" lọ rí. Ọmọbìnrin yìí bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ò rántí nǹkan kan. Kò kí i ní pẹ̀lẹ́. Ó gba fìlà orí rẹ̀, ó tú inú rẹ̀, ó rán aṣọ funfun sí i wàràwàrà, ó gba ìwé eré lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi bírò kọ ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú ìlà kọ̀ọ̀kan sínú fìlà náà. Aránṣọ yìí kò lè kọ nǹkan, kò sì lè ka nǹkan, kó má pè é jáde. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń kọ lẹnu rẹ̀ ń pè. "Òfin sọ pé. Agboòrùn. Ta ló rán yín níṣẹ́." Ó dé fìlà náà fún un lórí, ó ní, "Ẹ máa lọ."

Ó jáde síwájú kámẹ́rà. Obìnrin kan béèrè àpò rẹ̀ tó sọnù. Ọ̀gá akọ̀wé wò ó. Ó ṣí fìlà, ó wo inú rẹ̀ títí, ó dé e padà, ó ní, "Òfin sọ pé rárá." Àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi í ní nǹkan, á tún ṣí fìlà. Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé òṣèré tuntun yìí ti tú àṣírí gbogbo ọ́fíìsì ìjọba láyé, pé ẹ̀kọ́ ńlá ló wà nínú fìlà náà. Ó ka ìròyìn yìí lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé e pé òun ni wọ́n ń sọ. Òsúkè òṣèré gidi lọ lọ́jọ́ kẹta, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ ti bá a lọ.

Kò pé oṣù mẹ́fà tó fi gbé aránṣọ náà níyàwó. Ẹni tó bá rí ẹni tó lè bo àṣírí rẹ̀ nínú ìdajì wákàtí, tí kò fẹ́ ẹ, kí ló tún ń wá kiri?

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é báyẹn. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì tí wọ́n bí dàgbà, wọ́n lọ sílé ọkọ, fìlà ṣì wà níbẹ̀. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ìyàwó á jókòó sídìí maṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á rán aṣọ funfun tuntun sínú fìlà, á máa kọ eré ọ̀sẹ̀ náà sí i, á máa pè é jáde. Ọkọ á jókòó sí iwájú rẹ̀ pẹ̀lú tíì, á máa wo ẹnu rẹ̀, á máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bóyá á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín rí. Gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí ọkùnrin yìí kọ láyé, ṣe ni obìnrin náà ń kà á bí ẹni tó ń pe orúkọ nínú ìwé ìdánwò.

"Mọ́mì, báwo ni?"

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ yìí ti gùn jù fún fìlà."

Tajá tẹran ló ń rẹ́rìn-ín sí Ọ̀gá Fìlà níta. Nínú ilé tirẹ̀, "Ó dáa." Ó ń dùn ún, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Nígbà tó wọ ọgọ́ta ọdún ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó kọ́kọ́ dà bí èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní iná yàrá ni kò tàn tó, ó pààrọ̀ gílóòbù. Ó ní gílóòbù ayé ìsinsìnyí ò dáa. Nígbà tó pààrọ̀ gílóòbù kẹta, ó dá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kan ní òpin ìlú, ó bọ́ fìlà kí wọ́n má baà dá a mọ̀. Dókítà ní kó ka lẹ́tà tó wà lára ògiri. Ó ní, "Ògiri wo?" Dókítà rẹ́rìn-ín, torí ó ti dá a mọ̀, ó sì rò pé eré ló ń ṣe. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rín náà tó kúrò lẹ́nu dókítà. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé oògùn tí wọ́n ń kán sójú á dá èyí tó kù dúró fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́. Ọ̀gá Ohun Tó Sọnù dúpẹ́, ó sì lọ fi oògùn náà pamọ́ sínú bàtà àtijọ́ kan nílé.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Òṣèré àgbà kan wà níbi iṣẹ́ wọn tí etí rẹ̀ di. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n pè é, wọ́n sọ̀rọ̀ dídùn nípa rẹ̀, wọ́n fún un ní aago ara ògiri, wọ́n sì sìn ín dé gééètì. Lásán ni bàbá náà ń fetí sí aago náà títí tó fi kú, torí kò gbọ́ ọ. Ọ̀gá Fìlà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun gan-an ló bá wọn gbé aago. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá mọ̀ nípa ojú òun, aago ló kàn. Bí wọ́n bá sì gba eré yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín, tí kò lè rántí nǹkan, tí kò tún ríran.

Ó bẹ̀rẹ̀ irọ́. Kò lè kọ eré mọ́, torí ìlà ń gorí ìlà, ó wá ní ọwọ́ ń ro òun. Ó ní kí ìyàwó máa bá òun kọ ọ́, òun á máa sọ ọ́. Ìyàwó ní ọwọ́ ríro kì í ṣe nǹkan eré, ó mú un lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń wọ́ ọwọ́ tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n fún un ní òróró, ó ń fi pa á láràárọ̀ kí irọ́ náà lè gún régé. Níbi iṣẹ́, ó ń ka ẹsẹ̀: mẹ́rin dé káńtà, méjì sápá òsì dé àga. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń kọlu àga. Nígbà tó yá, kò kọlu nǹkan kan mọ́, àga máa ń wà níbi tó yẹ kó wà gẹ́lẹ́. Ó yin ara rẹ̀ pé òun ti mọ̀ ọ́n ṣe. Bó bá ṣí fìlà, á tẹjú mọ́ inú rẹ̀, kò ní rí nǹkan ju funfun lọ, ọ̀rọ̀ á kàn wá sí i lẹ́nu. Kò bi ara rẹ̀ bó ṣe ń wá. Ẹni tí orí bá kó yọ kì í bá orí ṣẹjọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí olùdarí eré tuntun dé. Ọmọdé obìnrin ni, kò ju àbígbẹ̀yìn Ọ̀gá Fìlà lọ, ó máa ń yára rìn. Ó pe gbogbo wọn jọ sínú yàrá ìpàdé.

"Ẹ̀yin àgbà mi, eré yìí á pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ ká ṣe é bíi ti àtijọ́, láìgbà á sílẹ̀, kí ìlú máa wò ó bá a ṣe ń ṣe é. Mo sì fẹ́ kí kámẹ́rà wo inú fìlà Bàbá. Gbogbo èèyàn ló ń béèrè ohun tó wà níbẹ̀."

Ọ̀gá Fìlà fọwọ́ méjèèjì di fìlà mú. Bó ṣe rò ó, lẹ́tà inú fìlà á ti tó ìkúùkù báyìí, torí òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ fún ìyàwó láti ìgbà pípẹ́ pé kó máa kọ ọ́ tóbi, pé ó dáa fún ẹwà. Ẹni tó bá rí lẹ́tà tó tó ìkúùkù á mọ irú ojú tó ń kà á.

"Ọ̀gá," ló sọ fún olùdarí, "ohun tó wà nínú fìlà, àṣírí iṣẹ́ ni."

"Ìdí tí wọ́n fi máa wò ó nìyẹn, sà."

"Inú rẹ̀ ò mọ́."

"Wọ́n á fọ̀ ọ́, sà."

"Orí mi máa ń tutù tí mo bá ṣí i jù."

Sísí Fọ́ọ̀mù bú sẹ́rìn-ín. Òun ni obìnrin tó ń ṣe igbákejì akọ̀wé nínú eré, tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń parí sí "Ẹ kọ fọ́ọ̀mù", ọdún kejìdínlógún rẹ̀ rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà yẹn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín tẹ̀lé e. Kò sí ohun tó burú tó kéèyàn máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀ kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó pé fún ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, kó kọ ọ́ kó kéré, kó rí wẹ́wẹ́ bíi ti ìwé ìròyìn. Ìyàwó dá maṣíìnì dúró.

"Kó kéré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wẹ́wẹ́."

"Hùn," ni ìyàwó wí, ó sì ń bá aṣọ oníbàárà rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ náà pé. Èèyàn igba ló wà ní gbọ̀ngàn. Ọ̀gá Fìlà ka ẹsẹ̀ mẹ́rin dé káńtà, ó dúró. Ìyá arúgbó kan wọlé nínú eré, agboòrùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun wá wá agboòrùn òun tó sọnù. Ọ̀gá akọ̀wé wò ó. Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ kámẹ́rà ń yí bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ èémí ẹni tó ń tì í létí rẹ̀. Ó wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, ó parí. Ó ṣí fìlà.

Inú rẹ̀ hàn sí gbogbo gbọ̀ngàn lára tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ó tẹjú mọ́ funfun inú fìlà, ó sì sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́: "Òfin sọ pé…"

Ẹ̀rín tó bú jáde lọ́jọ́ náà, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ohùn bọ́ nǹkan etí rẹ̀ jù sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń lu àga. Wọ́n ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé tó sì ń dùn mọ́ ọn nínú. Ọ̀gá Fìlà ò mọ ohun tó ṣe wọ́n. Òun sì rèé, kò lè béèrè. Sísí Fọ́ọ̀mù sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ mú ìwé lórí káńtà, ó sọ sí i létí wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òfìfo ni."

Òfìfo kẹ̀! Ṣé Mọ́mì gbàgbé ni? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ kan ṣoṣo yìí ni obìnrin náà rí gbàgbé. Ọ̀gá Fìlà dúró síbẹ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ń wò wọ́n, ìlà kejì ò sí. Àfi bó ṣe gbọ́ ìlà kejì. Ohùn ìyàwó rẹ̀ ló gbọ́, ohùn tó ń pe orúkọ nínú ìwé ìdánwò: ẹni tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ jáde. "Òfin sọ pé ẹni tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wá a níbòmíì, kí ó má baà rí méjì." Ìlà kẹta tẹ̀lé e, ohùn kan náà. Ó sọ eré náà parí, kò gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Olùdarí dì mọ́ ọn. Ó ní, "Bàbá, àrà wo lẹ dá yìí! Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ ò kọ nǹkan síbẹ̀!" Ọ̀gá Fìlà ní, "Ẹ ṣeun." Ó gba ọ̀nà ilé, ó ń ka ẹsẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí maṣíìnì. Ọ̀gá Fìlà ò jókòó.

"Mọ́mì, o gbàgbé láti kọ fìlà."

"Mi ò gbàgbé, Dádì."

"Òfìfo ló wà. Gbogbo ìlú rí i."

"Ó ti tó oṣù mẹ́wàá tó ti wà lófìfo," ni ìyàwó wí. "Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Ìyàwó wá sọ fún un. Ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn, òun ń wọn obìnrin kan tó fẹ́ ránṣọ, òun sì ń kọ fìlà lọ́wọ́ kan náà. Òun ṣèèṣì kọ ìwọ̀n obìnrin náà sínú fìlà: àyà, ìnṣì mẹ́rìnlélógójì, ìdí, ìnṣì àádọ́ta, ó fẹ́ kó fún un lápá. Ọ̀gá Fìlà gbé e dé orí, ó lọ ṣe eré, ó padà dé, kò sọ nǹkan kan. "Mo dúró pé ẹ máa pariwo. Ẹ jẹun, ẹ sùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ ò ríran. Mo bá rí oògùn nínú bàtà. Láti ìgbà náà, mo kàn ń ka eré sókè fún yín lọ́jọ́ Jímọ̀ ni, mi ò kọ ọ́ mọ́."

Ọ̀gá Fìlà bọ́ fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Mo lọ bá káfíńtà yín, mo ní kó kan àwọn àga mọ́lẹ̀."

"Ó kàn wọ́n mọ́lẹ̀?"

"Pẹ̀lú ìṣó gígùn. Sísí Fọ́ọ̀mù náà mọ̀."

"Ta ni kò mọ̀?"

"Olùdarí yín. Ẹni tuntun ni."

Inú bí i. Ó ní wọ́n ti sọ òun di ọmọ ọwọ́. Ó ní òun ń fi òróró pa ọwọ́ láràárọ̀, wọ́n ń wo òun níran. Ìyàwó jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Ẹ ti parí? Ó kan èmi. Ẹ fi pamọ́ fún ayé, kò burú. Ẹ wá fi pamọ́ fún èmi tí mo ń bo àṣírí yín láti ọjọ́ òsúkè! Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ó dùn mí débi tí mi ò fi lè sọ ọ́ fún oṣù mẹ́wàá." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ọ̀gá Fìlà ò gbọ́ kí ohùn yẹn gbọ̀n rí.

"Má bínú," ló wí. Ó tún ní, "Bí kò bá sí nǹkan nínú fìlà, báwo ni mo ṣe ń rántí? Èmi ò lè rántí nǹkan."

"Ẹ máa ń wo ojú mi bóyá mo máa rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá ń kà á, ẹ kì í gbọ́ ohun tí mò ń kà. Ìgbà tẹ́ ẹ ò rí ojú mi mọ́ lẹ tó ń gbọ́ mi."

Ó kọ́kọ́ fẹ́ jiyàn. Kò rí ibi tó máa gbé e gbà.

"Ẹ sọ fún wọn níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé," ni ìyàwó wí.

"Kí wọ́n lè fún mi láago?"

"Ẹ sọ fún wọn."

"Mi ò sọ."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìyàwó ò bá a jà. Ó fa fìlà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú bírò, ó kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó kọ nǹkan láìpè é jáde. Ọ̀gá Fìlà gbọ́ tí bírò ń họ aṣọ. Ó ní kí ló ń kọ. Ìyàwó ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń kọ ọ́ sí."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ń dán eré ọ̀sẹ̀ tuntun wò. Ó kan ibi fìlà, ó ṣí i. Sísí Fọ́ọ̀mù tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wo inú fìlà náà, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kú sí i lẹ́nu. Ọdún kejìdínlógún, kò gbàgbé ọ̀rọ̀ rí. Olùdarí béèrè pé kí ló dé, ó wá, ó gba fìlà, ó sì kà á sókè torí ó rò pé ara eré ni:

"Ẹni tó bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Èmi ni mo ni ín. Ẹ lò ó bó ṣe wù yín, ó ṣì dáa. Bẹ́ ẹ bá lò ó tán nírọ̀lẹ́, ẹ fà á lọ́wọ́ wá sílé fún mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Káfíńtà tó wà lórí àkàbà sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá Fìlà dúró sídìí káńtà, kò sí fìlà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ bó ṣe máa ń rí. Ó ń retí aago.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?" ni olùdarí béèrè.

"Ọdún méjì."

"Àti ti ọjọ́ yẹn? Kámẹ́rà, òfìfo, gbogbo rẹ̀?"

"Mi ò rí i. Ẹ̀yin lẹ rí i."

Ọmọdé tó máa ń yára rìn yẹn dúró lójú kan fún ìgbà tó pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, káfíńtà ló bá sọ̀rọ̀: "Àwọn àga tẹ́ ẹ kàn mọ́lẹ̀ yìí, ẹ kan pẹpẹ náà mọ́lẹ̀. Èmi ni mo fi ìbàdí kọlù ú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ríran." Ó wá yíjú sí Ọ̀gá Fìlà. "Ẹ jẹ́ ká tún un mú láti òkè, sà. Ẹ yára jù níbi agboòrùn."

Wọ́n tún un mú láti òkè.

Nírọ̀lẹ́, oòrùn ò tíì wọ̀ tán, Sísí Fọ́ọ̀mù fà á lọ́wọ́ délé, ó fi ọwọ́ kejì mú fìlà. Ọ̀gá Fìlà jẹ́ kó fa òun. Kò ka ẹsẹ̀ kankan lójú ọ̀nà, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, ara tù ú bí ẹni tó bọ́ bàtà tó ń fún un. Ìyàwó dá maṣíìnì dúró. Sísí Fọ́ọ̀mù ò kí i tán tó fi na ìwé kan sí i, fọ́ọ̀mù tòótọ́ láti orí káńtà wọn. Ó ní, "Màmá, a mú ẹrù yín wá. Ẹ fọwọ́ sí i."

Ìyàwó gba fọ́ọ̀mù. Ẹ sì mọ̀ pé kò lè ka nǹkan kó má pè é jáde.

"Irú ohun tí a rí: ọkọ. Àwọ̀: bó ṣe wà. Àmì ara: kì í rẹ́rìn-ín. Ibi tí a ti rí i: ìdí káńtà. Bó ṣe rí: ó ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n a ṣì ń lò ó, a ó sì wá mú un láàárọ̀ ọ̀la ní aago mẹ́jọ."

Ó dúró níbẹ̀. Ọ̀gá Fìlà gbọ́ tí èémí rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, ẹ̀rín tí ọkọ ti ń wo ojú rẹ̀ fún láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò mọ̀ pé ó rí báyẹn. Ó ga, ó rí jákujàku, ó ń já lágbede méjì bí òsúkè. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá maṣíìnì mú. Ọ̀gá Fìlà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ò mì, inú rẹ̀ dùn débi tí kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí.

"Ta ló kọ ọ́?" ló béèrè lọ́wọ́ Sísí Fọ́ọ̀mù.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó ronú sí i díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa," ó sì ní kí wọ́n fún òun ní fìlà òun tí òun máa dé lọ síbi iṣẹ́ lọ́la.